Oṣù Méjì Tí Wọ́n Ní Kí N Má Gun Òkè

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ
Òtútù. Àwa mẹ́sàn-án péré nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa la jáde, ọwọ́ mi ò sì gbóná títí a fi gun òkè Norton Summit dé ìdajì. Merv ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, ibẹ̀ náà ló máa ń wà tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́; ẹ̀yìn mi ló fi ń ṣe ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Mo wo aago ọwọ́ mi níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́. Ó ní ọkàn mi ń lu 178 ní ìṣẹ́jú kan. Mo tún wò ó: 94. Mo tún wò ó: 183. Bẹ́ẹ̀ mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ o. Ẹjọ́ aládùúgbò wa àti ajá rẹ̀ ni mò ń rò fún Dudley, èémí mi ò sì já. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lu 183 kò lè rójú ráyè bú ajá.

Dudley ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Ó na ọrùn wo aago mi. Ó ní, "Glenys, bọ́ sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Bọ́ sílẹ̀, máa fẹsẹ̀ rìn."

Mo ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè bí ẹni ń ti ọmọlanke. Merv náà bọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò lè fi ìyá arúgbó òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Aago tiẹ̀ ní 112. Ó gbé ọwọ́ sókè fi han gbogbo wọn. "Ẹ wá wo ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọkàn ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló wà níbí."

Inú ń bí mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi kéré sí i.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ
Mo lọ bá Lenka ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Òun ló ta aago méjì náà fún wa ní oṣù kẹfà, pẹ̀lú bẹ́líìtì méjì tí a máa ń dè mọ́ àyà. Mo ní ọjà tó tà fún mi ò dáa. Ó ní kí n pààrọ̀ bátìrì inú kóró dúdú tó máa ń so mọ́ bẹ́líìtì, tó ń fi ìlù ọkàn ránṣẹ́ sí aago tiẹ̀ nìkan. Mo ní ta ló ń sanwó bátìrì? Ó wò mí. Èmi ni mo sanwó.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ
Èmi nìkan ni mo lọ sí etí odò, Merv ń fọ aṣọ kẹ̀kẹ́ nílé, bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀. Aago mi ò ka nǹkan kan, àmì dáàṣì méjì ló ń tàn lójú rẹ̀. Bátìrì tuntun nìyẹn o. Nígbà tí mo délé, bí mo ṣe wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: 131. Kí ni mo ṣe nílé ìdáná tó tó 131? Búrẹ́dì ni mo fẹ́ gé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ
Mo ti wá rí i pé tí mo bá dá wà, aago á dákẹ́. Tí Merv bá wà nítòsí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo sọ fún un pé òun ló ń kó ìdààmú bá ọkàn mi. Ó ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta la ti fẹ́ra, ó yẹ kí n ti kú tipẹ́. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ
Mo padà sọ́dọ̀ Dókítà Perera lónìí. Lánàá, ó lẹ wáyà mọ́ mi láyà, ó ní ó dáa. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ mi lọ́rùn, mo gbé e kiri fún odindi ọjọ́ kan. Ó ní ìyẹn náà dáa.

"Ṣé ara mi le nìyẹn?"

"Màmá, ẹ̀rọ tiwa ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí aago yín kọ sílẹ̀ yìí," ó ń fa àwòrán náà sókè sódò lójú fóònù mi, "ọkàn tó ń lù ségesège ló máa ń rí báyìí. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́ nìkan ló máa ń wá."

Ó ní kí n má gun òkè mọ́. Kí ọkàn mi má kọjá 110 títí màá fi rí onímọ̀ ọkàn ní 14 Oṣù Kẹwàá. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn, ṣé kí n tọ́jú ara mi sínú fìríìjì títí dìgbà náà ni? Ó ní ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún òun. Ẹ̀dùn ọkàn tiẹ̀ ò tó nǹkan. Tèmi ni mo ń gbé kiri.

Ìrìn Ìrúwé, ìrìn kẹ̀kẹ́ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, bọ́ sí 5 Oṣù Kẹwàá. Mi ò ní lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ
Mo fọ fìríìjì. Mo kun géètì. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Merv ní kí n jókòó. Mo ní òun ni kó jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, ó sì sùn lọ láago mọ́kànlá àárọ̀.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ
Àwọn yòókù gun òkè, èmi wa mọ́tò lọ pàdé wọn níwájú ilé búrẹ́dì bí ìyàwó ẹni tó kú. Kọfí ti di dọ́là mẹ́fà ààbọ̀. Bẹ́líìtì wà láyà mi, mo ti ń dè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ báyìí, kí n lè mọ ìgbà tí mo bá kọjá 110.

Merv ló dé gbẹ̀yìn. Merv tó jẹ́ pé òun ló máa ń ti jẹ mítìpáì tán kí ẹlòmíì tó débẹ̀. Ó jókòó sí etí gọ́tà, kò tíì yọ akoto lórí.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Mo ń dúró de Dudley."

"Dudley ti wà níbí látàárọ̀, ó ti mu ife kejì."

"Mo ń dúró dè é lọ́kàn mi ni."

Ó ní aago òun ò ka nǹkan kan jálẹ̀ òkè, dáàṣì méjì náà ni. Mo ní ṣé o ti wá rí i pé ọjà Lenka ò dáa. Mo jókòó tì í lórí gọ́tà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́ padà: 72. Mo wo tèmi. 159. Mo jókòó sílẹ̀ lásán, mi ò gun kẹ̀kẹ́, mi ò sáré. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo da kọfí dọ́là mẹ́fà ààbọ̀ sínú gọ́tà, mo ní òun ló fà á. Merv ń wò mí. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án
Àwọn mágípáì, ẹyẹ dúdú-funfun tó máa ń kọlu èèyàn lásìkò yìí, ti ń pamọ. Mò ń rọra wa kẹ̀kẹ́ mi létí odò, jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé omi sórí, ni ọ̀kan bá já láti orí igi, ó fi ẹnu gbá akoto mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pariwo títí mo fi dé afárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dájú pé ọkàn mi fò sókè, aago ní dáàṣì méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án
Mo dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán, mo ń tẹ́tí sí inú ara mi. Ẹni tó bá ń tẹ́tí sí ọkàn ara rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan míì. Mo dìde, mo lọ gé koríko. Koríko ò tíì hù.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án
Merv ń ṣe dáadáa sí mi jù. Ó po tíì, ó gbé e wá. Ó ní, "Glen, lọ́jọ́ Ìrìn, wá dúró tì mí níbi tí a ó ti gbéra. De bẹ́líìtì ẹ. Kí àwọn èèyàn rí i pé o ṣì wà nínú ẹgbẹ́."

Ìgbà ogún rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá wa Ìrìn Ìrúwé nígbà ogún, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó inú gbọ̀ngàn, èèyàn mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀ títí di òní. Alby, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ì bá ti jẹ́ ẹnì kẹrin. Ọdún kẹta nìyí tí Alby ṣubú ní ìsàlẹ̀ òkè, kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Dudley ti fòfin lé e: ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin gbọ́dọ̀ fi aago han òun kó tó gbéra. Tó bá ti kọjá 110 lórí ìdúró, kó máa lọ sílé.

Mo ní màá wá. Orí mi wú díẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ní kí n wá dúró ti òun níbì kankan.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án
Atẹ́gùn láti àríwá, eruku nínú eyín. Mo bá rédíò jà.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá
Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má bàa rò lọ́la pé àlá ni.

Mo jókòó nílé ìdáná, mo ń bó ẹ̀wà tútù tí mo já nínú ọgbà. Merv wà ní gáréèjì, ògiri kan ló wà láàárín wa. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé orí irin, ó ń wà á lójú kan. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo wo aago: 171.

Ẹ̀wà ni mò ń bó.

Mo dáwọ́ dúró. Mo ní bí mo bá máa kú, màá kú tòun ti ẹ̀rí. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, mo tú bẹ́líìtì kúrò láyà, mo gbé e sórí tábìlì láàárín èèpo ẹ̀wà. Kò sí nǹkan kan lára mi mọ́. Mo wo aago. 174. 168. 90. 177.

Tábìlì ò ní ọkàn.

Ìró kẹ̀kẹ́ dáwọ́ dúró ní gáréèjì. Mo wò ó bí nọ́ńbà náà ṣe ń rọra já wálẹ̀, 150, 162, 139. Mo dìde, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn. Merv dorí kodò lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òógùn ń kán sórí sìmẹ́ńtì, ètè rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ wo aago rẹ̀. Dáàṣì méjì.

Òun ló máa ń fọ bẹ́líìtì wa lọ́jọ́ Àìkú. Á yọ kóró méjèèjì, á fi ọṣẹ ọmọdé fọ bẹ́líìtì nínú báṣìn, á sá a, á so kóró padà. Méjèèjì jọra bí ìbejì. Kóró mi ti wà láyà rẹ̀, tiẹ̀ ti wà láyà mi, láti ọjọ́ tí mi ò mọ̀. Ọkàn tí aago mi ń kà kì í ṣe tèmi.

Mo ní, "Merv, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ó ní, "Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá
Àárọ̀ yìí mo gbé kóró méjèèjì síwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹyin rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé ẹnu á yà á. Ẹnu ò yà á. Ó ń bu iyọ̀ sẹ́yin.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Merv."

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ọjọ́ tó o da kọfí nù."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo kà á lórí ìka. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ń rìn bí ẹni gbé ẹyin sáyà, tí mo ń ronú ẹni tí màá fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀ fún. Mo ti bú Lenka. Mo ti bú dókítà. Mo ti bú kọfí. Ẹni tó yẹ kí n bú ń jẹ ẹyin níwájú mi lójoojúmọ́.

"O jẹ́ kí n gba àìsàn ẹ."

"Kóró yẹn, àṣìṣe ni, Glen. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mo gbà. Dídákẹ́ tó o dákẹ́ ńkọ́? Ìyẹn náà, àṣìṣe ni?"

Ó ní láti oṣù kẹfà ni ọkàn òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó máa ń dà bí ìgbà tí ẹja bá ń jà nínú àpò. Ó ní òun fẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn Ìrìn.

"Ìrìn wo? Èyí tó o fẹ́ fi ọkàn mi lọ?"

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ìdí tó fi ní kí n wá dúró ti òun. Ìdí tó fi ní kí n de bẹ́líìtì mi. Tí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkàn tèmi ni aago rẹ̀ máa kà fún Dudley. 68, 70. Ọkàn ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo sì rò pé ó fẹ́ kí n wà níbẹ̀ ni.

Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ìyá arúgbó. Tí Dudley bá ti wò ó tán, o lè máa lọ sílé. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ bá Dókítà Perera, mo búra. Ogún ni. Mélòó ló kù tí mo tún fẹ́ ṣe láyé yìí?"

Mo pe ilé dókítà. Perera ní kí n gbé e wá báyìí báyìí, kó má ṣe gun kẹ̀kẹ́. Mo gbé fóònù fún un. Ó ní òun ń gbọ́, màmá dókítà, ẹ ṣé, ó dọjọ́ Ajé. Ó pa á.

Mo bú u títí di ọ̀sán. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo dà sílẹ̀, títí kan ẹjọ́ mọ́tò ìyá rẹ̀. Ó lọ ń fi òróró sí ṣéènì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá
Òjò wínníwínní. Ó ń wẹ̀, ó ń súfèé. Bẹ́líìtì méjèèjì wà lórí àga.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá
Mo lọ.

Ọgọ́ta èèyàn ló wà ní pápá, aago méje àárọ̀, ìrì lórí koríko. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tó ti fún un nínú. Àwọn èèyàn ń gbá a lẹ́yìn: "Baba Ogún." "Ogún lónìí, àbí?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wojú mi. Mo dúró tì í gbágbáágbá bó ṣe ní kí n dúró. Bẹ́líìtì mi wà láyà mi.

Dudley ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé àti báírò. Ó wo ti Ron, ó fàmì sí i. Ó wo ti Marjorie, ó fàmì sí i. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Merv na ọwọ́, kò tiẹ̀ wò ó, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Dudley ò fàmì.

Merv wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. 147. Ó gbọn ọwọ́. 121. 155. Ó yíjú sí mi. Mo kàn gbé aago tèmi sókè kó rí i: 74.

"Á jẹ́ pé ó ti bàjẹ́," ni Merv wí.

"Ó ṣeé ṣe," ni Dudley dáhùn. "Kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ná."

"Dudley. Ogún ni."

"Mo mọ̀ pé ogún ni, ọ̀rẹ́. Alby náà ti ní méjìdínlógún." Kò gbé ohùn sókè. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Merv fi gbé ẹsẹ̀ kọjá. Wọ́n gbéra, ìró ṣéènì wọn lọ títí a ò fi gbọ́ mọ́.

Nínú mọ́tò, Merv ń wo iwájú. Ó ní, "O pààrọ̀ kóró wọ̀nyẹn."

Mo ní, "Mo dá wọn padà ni."

Mi ò yà sílé. Ilé ìwòsàn ni mo wà á lọ tààrà, tòun ti aṣọ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Dókítà kan tó ga bí òpó ní ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í lù bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú rẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó ní ẹni tó bá gun òkè pẹ̀lú irú rẹ̀, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Merv ń wo òrùlé. Mo gbé èso wá fún un, kò jẹ ẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi "o ṣé" àti "rárá."

Mi ò tọrọ àforíjì. Òun náà ò tíì tọrọ.

Mo lọ tọrọ lọ́wọ́ Lenka. Ó ní kò sí wàhálà. Ó ta kóró aláwọ̀ pupa fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá
Àyè tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dúró dè lọ́dọ̀ onímọ̀ ọkàn, Merv ni mo fi í fún. Perera ló bá wa tún un kọ. Onímọ̀ náà wo ìwé, ó ní, "Wọ́n kọ Glenys síbí tẹ́lẹ̀. Ta ni Glenys?"

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo bá a ṣàìsàn."

Ó ní lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbìyànjú láti fi iná mànàmáná díẹ̀ dá ọkàn náà padà sí bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Merv béèrè bóyá òun á tún lè wa kẹ̀kẹ́. Ó ní kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí ná. Nígbà tí a jáde, Merv jókòó sórí bẹ́ńṣì ibùdókọ̀, bẹ́ẹ̀ a kò wọ bọ́ọ̀sì wá.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá
Merv ní, "Ṣé o máa lọ wa kẹ̀kẹ́?" Mo ní màá lọ. Ó ní, "Kò burú." Bó ṣe sọ ọ́, ó burú.

Mo lọ. Mi ò tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú. Mo gun Norton Summit láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mi ò dúró níbì kankan. Oòrùn dé. Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé iṣẹ́, itan mi ń jó bí ata. 128. 141. 156. Níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, 163, ó dúró níbẹ̀, kò fò, kò já. Mò ń mí bí màlúù. Nígbà tí mo dé òkè, mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: 150, 133, 118, 97. Bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú bí mi. Oṣù méjì ni mo fi ń bẹ̀rù nítorí ọkàn tó le koko báyìí. Mo bú Merv sókè, níbi tí kò sí ẹlòmíì àfi àgùntàn. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń di bíréèkì mú jálẹ̀.

Merv wà nídìí tábìlì nílé ìdáná nígbà tí mo wọlé. Tíì rẹ̀ ti tutù. Ó fi ìka méjì sí ọwọ́ òsì rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù, ó tẹjú mọ́ aago ara ògiri, ètè rẹ̀ ń mì. Kò gbọ́ pé mo wọlé. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò.

Mo ní, "Má dá a dúró."

"Mi ò lè kà á. Ó máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́." Ó tún fi ìka wá iṣan náà. "Ẹ̀rù ń bà mí, Glen. Ẹ̀rù yẹn ni mo jẹ́ kó máa bà ẹ́."

Mi ò tíì ṣe tán láti dá a lóhùn. Mo fa àga, mo jókòó pẹ̀lú akoto lórí, mo gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo wá iṣan náà títí mo fi rí i. A wo aago ògiri fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

"Mélòó?" ni mo bi í.

"Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ìwọ ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún."

A tún bẹ̀rẹ̀.